Ríìmù Tó Ń Wọ Inú Òkun

Iyanrìn ń tú jáde lẹ́nu rọ́bà bí òjò tí ìjì ń tì, Thuwaini sì fi orúnkún méjèèjì tẹ ríìmù náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣí ìpẹtà kúrò lára irin. Mẹ́ta ti wà létí ògiri, wọ́n mọ́ bí eyín ọmọdé. Ìkẹrin ló wà lábẹ́ rẹ̀ yìí. Ó fi aṣọ di imú, ó fi awò bo ojú, síbẹ̀ iyanrìn ń dún láàárín eyín rẹ̀. Kò sinmi. Irin tí a bá bọ́ sí ìhòòhò kò gbọdọ̀ sùn nínú afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun wá sí agbègbè Jaalan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpẹtà mìíràn á ti hù lára rẹ̀ bí irùngbọ̀n.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bàbá ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí agolo ọ̀dà kan tó ti gbẹ. Khamis lorúkọ rẹ̀. Ó ká jálámíà rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé fláàsì kọfí sí ọ̀tún, ó gbé àwo dábínù sí òsì, ó ń wo iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ké, ó ń sọ̀rọ̀ náà.

Thuwaini pa ẹ̀rọ. Ó yí ríìmù náà síwá sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò tọ ibi tí ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀. Kò tíì lu. Irin ṣì kù níbẹ̀ tó lè gbé táyà.

Ọ̀rọ̀ ríìmù yìí kì í ṣe ti ẹwà. Láti ìgbà tí ẹ̀yìn Khamis ti kọ̀ láti gbé àwọ̀n mọ́, mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ létíkun Ashkhara. Ní ìdájí, á fi imú mọ́tò ti ọkọ̀ àwọn apẹja wọ inú ìgbì títí omi á fi dé ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá padà dé, á ju okùn sí wọn, á fà wọ́n gòkè tẹja-tẹja. Ní àsìkò ìgbì ńlá tó kọjá, etí ríìmù kan tí ìpẹtà ti jẹ tú táyà sílẹ̀ nígbà tí omi ti dé àárín ẹsẹ̀ mọ́tò. Ìgbì yí mọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ Sulayyim sì ṣì wà ní síso mọ́ ìdí rẹ̀. Gbogbo etíkun ló fa wọ́n jáde. Kò sí ẹni tó kú.

Ṣùgbọ́n Sulayyim ni àgbà etíkun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ohun tó kan òkun ni abẹ gé. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí òun àti Khamis, ó kàn jẹ́ pé ìyá Sulayyim ló kọ́kọ́ rọbí. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọjọ́ tí ìjọba bá tún gbà kí wọ́n máa pa kanad, ẹja ńlá inú òkun, ọwọ́ ara òun lòun máa fi wá ẹsẹ̀ mọ́tò náà yí ká. Bí òun bá rí ibi kan tó jẹrà, kí Khamis lọ sinmi nílé. Ọkùnrin kan wà tó ní katakata, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

“Sinmi” yẹn ló dun Khamis jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ́ ọ, ebi kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò ní iṣẹ́ létíkun ní ìdájí, ta ni yóò bá mu kọfí? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àsìkò pípa kanad yóò bẹ̀rẹ̀.

“Àtíkè,” ni Khamis wí, ó sì tu kóró dábínù sí àtẹ́lẹwọ́. “Àtíkè lo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò mi. Ṣé ó ń lọ ilé ọkọ ni?”

“Bàbá, iná ló máa yọ́ àtíkè yìí mọ́ irin. Ẹ sọ òkúta lù ú, òkúta ló máa sá.”

“Kí òkúta sá. Òkun ńkọ́? Ẹ̀yin ará orí òkè, omi kànga lẹ mọ̀.”

“Omi kànga yẹn náà ló tọ́ mi dàgbà tí mo fi wá fẹ́ ọmọ yín.”

“Ohun kan ṣoṣo tí o ṣe tó dáa nìyẹn. Má tíì gbéra ga.”

Inú oko dábínù ní ẹ̀yìn òkè ni wọ́n ti bí Thuwaini, àwọn ará etíkun kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀ rí. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó fi sùúrù ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú kì í ṣàn, ojú bọ́rọ́ọ̀ṣì kì í hàn lára rẹ̀. Iná mànàmáná á mú kí ó rọ̀ mọ́ irin, ààrò á yọ́ ọ, á di awọ kan ṣoṣo tó nípọn ju ọ̀dà olómi lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ààrò náà, kò sí irú rẹ̀ ní òpópónà yẹn. Àwọn onímọ́tò ń ti ọ̀nà jíjìn gbé ríìmù wá. Kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn pé àwọn ará etíkun yóò rí iṣẹ́ ààrò rẹ̀ lára mọ́tò àna rẹ̀ láràárọ̀.

Khamis fèsì pé ohun tí òun kò bá lè fi ọwọ́ ara òun tún ṣe létí omi, kì í ṣe ti òun. Agolo ọ̀dà kan, bọ́rọ́ọ̀ṣì kan, ó tán. Bí bàbá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹyọ kan, kí ẹ wò ó,” ni Thuwaini wí. “Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, màá ṣí i kúrò.”

Khamis na ọwọ́ bí ọba tó yọ̀ǹda. Ó tún bu kọfí.

Thuwaini fi èdídí dí ojú ihò ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí. Bí ọ̀dà bá nípọn níbẹ̀, nọ́ọ̀tì á tẹ̀ ẹ́ fọ́ bó bá yá, á dẹ̀, ríìmù á sì bọ́ lójú ọ̀nà. Ó so irin náà kọ́, ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú funfun sí i lára títí kò fi sí àyè kan tó kù, ó tì í sínú ààrò, ó pa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn èyí ló wá rí àyè jẹ dábínù kan.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde.

Kò jọ òórùn ọ̀dà. Ó rọra yọ kúrò létí ilẹ̀kùn ààrò, ó tàn ká inú ṣọ́ọ̀bù, ó gba ojú ọ̀nà jáde. Ẹni tó ń ta táyà ní òdìkejì jáde, ó ń wo abẹ́ àwọn mọ́tò, ó rò pé ológbò kan ló kú síbẹ̀. Thuwaini dúró kí àkókò pé. Nígbà tó ṣí ààrò, ojú ríìmù náà dán, ó funfun bí wàrà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí àwo àárín ti so mọ́ òbìrí ìta, ó ti lé ròrò yí po bí ẹni tí ìgbóná mú, omi pupa kan sì ń sun jáde níbẹ̀.

Ó wò ó títí. Ó ti kun ríìmù ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò tíì rí irú èyí rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ nítòsí. Ó wá yíjú sí àna rẹ̀. Àna rẹ̀ ń wo dábínù bí ẹni tó ń kà á.

“Bàbá, kí lẹ máa ń fi pa ríìmù yìí?”

“Èwo nínú wọn?”

“Bàbá.”

“Epo ekurá ni,” ni Khamis wí, bí ẹni tó ń dárúkọ ara rẹ̀. “Gbogbo Jímọ̀. Kí ni kí n fi pa á, bọ́tà?”

Ọ̀rọ̀ náà yé Thuwaini díẹ̀díẹ̀. Láyé bàbá Khamis, epo ẹ̀dọ̀ ekurá, ẹja ńlá eléyín mímú, ni wọ́n ń fi pa ara ọkọ̀ onígi kí omi iyọ̀ má baà wọ̀ ọ́. Àwọn ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí kì í ṣe igi, wọn kì í sì í mu epo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ pípa epo kò lè jókòó lásán, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ mọ́tò. Kò sí mọ́tò kan létíkun tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọdún ń gorí ọdún, epo ń wọ inú oríkèé irin náà, ó ń sùn síbẹ̀. Ẹ̀rọ iyanrìn kò lè bọ́ ju ibi tí ojú rí lọ. Ààrò ló jí i.

Ará orí òkè kò lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ará etíkun kò sì lè ronú pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O kò bi mí. O ní kí n jókòó, mo jókòó.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Thuwaini, ìbínú tó yẹ kó wá kò rí àyè mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, Khamis kò bá a rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà náà ti dìde, ó ń wo ròrò ara ríìmù náà, ó sì fi ọwọ́ kan sẹ́yìn bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

“Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?” ló béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. “Ṣé bí ìyókù á ṣe rí nìyẹn? Ojú kọ́ ni Sulayyim máa fi wò ó, ọwọ́ ló máa fi wá a.”

Ẹ̀rín náà parí. Thuwaini sọ fún un pé kò bàjẹ́, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìgbà àkọ́kọ́ kò dá òun gan-an lójú.

Ìgbà yẹn ni Muzna gbé oúnjẹ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lórí ọwọ́, ó fa imú, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Ta ló ń se ekurá?”

Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó rí ríìmù, ó sì mọ̀. Inú ilé tí wọ́n ti ń pọn epo yẹn ni wọ́n bí i sí. Ó bu ìrẹsì àti ẹja fún bàbá rẹ̀, ó fi orí pe ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Thuwaini ti ní èsì nílẹ̀ kó tó béèrè. Ó ní òun á ti gbogbo wọn sínú ààrò ní òfìfo títí epo á fi sun tán, òun á fi ọṣẹ líle fọ̀ wọ́n, òun á tún fi iyanrìn bọ́ wọn, lẹ́yìn náà lẹ́búlẹ́bú á jókòó sí i lára bó ti yẹ. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

“Bí ìkarahun bá wá gé e létíkun ńkọ́?” ni Muzna béèrè.

Thuwaini mọ èsì ìbéèrè yìí. Lójú títì, kò sí ohun tó dára tó ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú. Ṣùgbọ́n bí nǹkan mímú bá là á nínú omi iyọ̀, omi á gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé, á máa rá pálá lábẹ́ awọ. Òkè á máa dán, irin á máa jẹrà nísàlẹ̀. Ọwọ́ Sulayyim kò ní mọ̀. Ojú Khamis kò ní rí i. Ìgbì ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀dà olómi kì í ṣe alágbára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í purọ́: ibi tó bá ti ha, ìpẹtà á yọjú síta, ènìyàn á rí i, á fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kàn án. Kò sì sí ẹni tó lè gbé ààrò lọ sétíkun.

“Èwo lo fẹ́ nínú méjì,” ni Muzna wí. “Ṣé kí ààrò rẹ borí ni, àbí kí bàbá mi wọ inú òkun kó sì jáde?”

Ó sọ ọ́ láìgbóhùn sókè, ó sì fi etí gèlè rẹ̀ nu iyanrìn kúrò ní ìpéǹpéjú ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Thuwaini tẹ̀lé e wọlé, ó jókòó sílẹ̀ níwájú àna rẹ̀, ó bu ìrẹsì nínú abọ́ kan náà.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ borí. Ọ̀dà olómi la máa lò.”

Khamis dẹ́kun jíjẹ. “Kí ló dé? Ṣé o ti rí i pé kò ní ṣeé ṣe mọ́ ni?”

“Ó lè ṣeé ṣe. Kò kàn yẹ yín ni. Èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún ṣe ló yẹ yín. Ṣùgbọ́n epo ekurá ti parí láti òní lọ.”

“Ta ló wí?”

“Èmi ni. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ epo. Bí ẹ bá tún fi kàn án, ibi tó bá ha, ẹ ò ní rí i kùn mọ́ títí láé.”

“Bàbá mi fi epo yẹn pa ọkọ̀ tó dé èbúté Súúrì, tó dé ilẹ̀ Íńdíà, ó sì padà.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Igi ni tiwọn.”

Khamis fi ìka ti egungun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ abọ́.

“Kí ni màá wá máa ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀?”

Thuwaini kò retí ìbéèrè yìí. Ó gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Ó ní kí Khamis máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ ẹsẹ̀ mọ́tò náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí ó fọ̀ ọ́ délẹ̀ délẹ̀, kí ó wá ibi tó ha, kí ó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kàn án. Ó ní òun fúnra òun á máa bu ọ̀dà náà wá.

“Omi kànga,” ni Khamis wí.

“Omi kànga ni, Bàbá.”

Ẹ̀rín yọ díẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà náà. Ó mú ẹran ẹja tó funfun jù lọ nínú abọ́, ó fi sí iwájú àna rẹ̀. “Jẹun. Iṣẹ́ wà.”

Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Thuwaini ti ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ààrò ní ìhòòhò wọn. Ààrò tó kọ́ fún ẹwà di ibi tí wọ́n ti ń yọ́ epo ẹja. Epo ń sun, ó ń nù ún. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń dá a padà síná. Èyí tó lé ròrò ló ni í lára jù, nítorí ó ní láti ṣí lẹ́búlẹ́bú tó ti yọ́ kúrò kí ó tó kan epo. Òórùn náà kò dá ẹnikẹ́ni sí ní òpópónà náà. Nígbà tí ẹni tó ń ta táyà wá béèrè ohun tó ń jóná, Khamis sọ fún un pé oògùn ẹ̀yìn dídùn ni, kí ó wọlé wá fa díẹ̀ símú. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí oríkèé irin kò sun nǹkan kan mọ́, Thuwaini tún fi iyanrìn bọ́ wọn. Kò jẹ́ kí irin tutù pẹ́ kó tó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò ó, irú èyí tó ní síńkì nínú, tí ìpẹtà máa ń kọ́kọ́ jẹ kó tó kan irin. Nígbà tí ìyẹn gbẹ, ó fi ìlẹ̀mọ́ tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń lò dí oríkèé náà. Ó wá gbé ẹ̀rọ ìfọ́nká, ó fẹ́ kun ọ̀dà òkè.

“Gbé ìyẹn sílẹ̀ ní ti inú oríkèé,” ni Khamis wí. “Fún mi ní bọ́rọ́ọ̀ṣì.”

Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ríìmù sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìlù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró gírí lórí bọ́rọ́ọ̀ṣì. Ó ń fa ọ̀dà náà lẹ́ẹ̀kan, láìpadà sẹ́yìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ oríkèé dé òpin rẹ̀, kò sì kán sílẹ̀. Thuwaini ń fọ́n ojú, Khamis ń kun inú. Wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi ìgbà tí ọ̀kan bá rí àṣìṣe èkejì. Ìgbà náà, wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa.

Ọ̀dà náà ti le kí ọjọ́ pípa kanad tó pé. Thuwaini fúnra rẹ̀ ló wọ táyà sí wọn, ó sì wakọ̀ tẹ̀lé mọ́tò àna rẹ̀ dé Ashkhara ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun àsùbá. Àwọn ọkọ̀ ti tò lórí iyanrìn, àwọn apẹja ti ká ṣòkòtò. Ọlọ́kọ̀ katakata náà wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lókè.

Sulayyim kò kí ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ọwọ́ sẹ́yìn ríìmù àkọ́kọ́, ó ń wá a yí ká pẹ̀lú ojú dídì bí ẹni tó ń wá owó nínú omi. Ó ṣe èkejì. Ó ṣe ẹ̀kẹta. Khamis dúró sójú kan, kò sọ ọ̀rọ̀ kan, èyí tí Thuwaini kò rí irú rẹ̀ rí. Sulayyim parí ìkẹrin, ó gbé ìka sí imú, ó sì gbójú sókè.

“Kò rùn,” ló wí. “Khamis, ta ló jí epo rẹ?”

“Ará òkè tó fẹ́ ọmọ mi ni. Ó ní kí n jáwọ́.”

“O sì gbà fún un?”

“Ọmọ mi ni,” ni Khamis wí. “Kí ni kí n ṣe fún un?”

Sulayyim nu ọwọ́ mọ́ ìdí jálámíà rẹ̀. Kò yin iṣẹ́ náà, kò sì bú u. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ara rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Kí lò ń dúró dè? Wá tì mí.”

Khamis wọ mọ́tò. Ó fi imú mọ́tò kan ìdí ọkọ̀ náà, ó sì tì í. Ìgbì àkọ́kọ́ fọ́ sára ríìmù iwájú, èkejì dé ilẹ̀kùn. Thuwaini wọ inú omi dé orúnkún láìmọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára táyà. Ìgbì kan tó ga gbé iwájú mọ́tò sókè díẹ̀, ó sì dá a padà sórí iyanrìn. Táyà kò tú. Ọkọ̀ Sulayyim léfòó, ẹ̀rọ rẹ̀ bú, ó lọ. Mọ́tò náà fi ẹ̀yìn rìn jáde, omi ń ya lára rẹ̀.

Thuwaini kúnlẹ̀ pẹ̀lú sípánà, ó tún nọ́ọ̀tì gbogbo fà le lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí nọ́ọ̀tì máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́ lórí ọ̀dà tuntun. Díẹ̀ nínú wọn yí sí i, ìyókù ti le. Khamis yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kí ó dúró títí ẹja kanad àkọ́kọ́ á fi dé, kí ó mú un lọ fún Muzna. Thuwaini ní ríìmù ẹlòmíràn wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ṣèlérí fún òní. Wọ́n ti ń pariwo orúkọ Khamis níbi ọkọ̀ kejì, ó sì ti yí mọ́tò síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán.

Thuwaini fọ iyanrìn kúrò lára sípánà, ó nù ún gbẹ, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó fún omi nínú ìdí jálámíà rẹ̀, ó wọlé, ó sì wakọ̀ gòkè lọ sójú títì.